Ajá Tí Ó Darúgbó Sí Wa Lọ́wọ́

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí lè pa ẹlòmíràn lẹ́rìn-ín, nítorí pé ọ̀rọ̀ ajá ni. Nígbà tí mo kọ́kọ́ mẹ́nu kàn án níwájú àwọn àgbà kan, ọ̀kan nínú wọn wí fún mi pé, "Olùkọ́, ajá ni ẹ ń rò báyìí? Ènìyàn ń kú, ẹ̀yin ń kẹ́dùn ẹran." Èmi kò bá bàbá náà jiyàn, nítorí òótọ́ ni pé ènìyàn ń kú. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ilé mi láàrin oṣù mẹ́fà kọ́ mi pé ìbéèrè kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín: gbèsè wo ni a jẹ ẹran tí kò wúlò fún wa mọ́, àti pé nígbà tí a bá ń wí pé a ń ṣàánú rẹ̀, ta ni a ń ṣàánú ní tòótọ́?

Tanímọ̀la ni orúkọ ajá náà. Ẹ mọ̀ bí a ti ń sọ ajá lórúkọ nílẹ̀ wa: ọ̀rọ̀ tí a kò lè wí fún aládùúgbò lójú ni a fi ń pe ajá, kí aládùúgbò lè gbọ́. Ìyàwó mi ni ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ní ọdún kan tí nǹkan le fún wa. Ẹni tí a torí rẹ̀ sọ ọ́ ti kó kúrò ní àdúgbò láti ìgbà pípẹ́, ajá sì ń jẹ́ orúkọ náà nìṣó. Ọdún méjìlá ni ó fi ṣọ́ ilé wa. A máa sin àwọn ọmọ dé ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́, a sì padà wá sílé fúnra rẹ̀.

Ní ọdún kejìlá náà ni ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í funfun bí ẹni pé èéfín bò ó, ó sì ń tiro ní òwúrọ̀. Ẹni tí í máa gbó kí àlejò tó kan ilẹ̀kùn, a wá ń kọjá lára rẹ̀ kí ó tó mọ̀ pé a wọlé. Lẹ́yìn náà ó ń mu omi lámujù, ó ń tọ̀ sínú ilé lóru, ohun tí kò ṣe rí láti ìgbà tí ó ti wà ní ọmọ ajá. Ó ń rù, ẹnu rẹ̀ sì ń rùn. Mo rò pé ogbó lásán ni. Nígbà tí mo rí i pé ẹsẹ̀ ń dùn ún, mo mú nínú oògùn ibuprofen tí èmi fúnra mi ń lò fún orúnkún, mo fi í sínú òkèlè ẹ̀bà, ó sì gbé e mì. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ karùn-ún ó bẹ̀rẹ̀ sí í bì, kò sì fẹ́ rí oúnjẹ sójú.

Dókítà ẹranko yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó sì wí fún mi pé kíndìnrín ni. Ó ṣàlàyé pé ẹ̀yà ara yìí a máa fara da ìyà púpọ̀ ní ìdákẹ́jẹ́, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé kí àìsàn náà tó hàn nínú irú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin agbára rẹ̀ ti lọ, èyí tí ó sì ti lọ kò tún padà mọ́. Ó béèrè oògùn tí mo ti fún un. Nígbà tí mo dárúkọ rẹ̀, ó dákẹ́ díẹ̀, ó sì wí jẹ́jẹ́ pé ara ajá kò lè gba ibuprofen bí ara ènìyàn ti ń gbà á, pé a máa ba ikùn àti kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Kò dá mi lẹ́bi. Èmi ni mo dá ara mi lẹ́bi. Mo sọ èyí ní gbangba kí ẹnikẹ́ni nínú yín má baà ṣe bẹ́ẹ̀: àánú ni mo fi ṣe ajá mi ní ibi.

Wọ́n fa omi sí i lára fún ọjọ́ mẹ́ta, ó sì tún dìde. Ìyàwó mi tẹ́ àpò sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn fún un, àwọn ọmọ sì ń fọ̀ ọ́ bí ó bá ti tọ̀ sára. Òwe wa wí pé bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Ṣùgbọ́n ta ni ajá yóò mu ọmú rẹ̀? A ti ta àwọn ọmọ tí ó bí, a ti fi òmíràn tọrẹ, a sì ti ná owó wọn. Àwa tí a ná owó náà ni ó kù fún un.

Láàrin ìgbà náà ni ìmọ̀ràn ń wọlé láti ibi gbogbo. Ẹnìkan ní òun mọ ẹni tí ń ra ajá fún ẹran, pé owó kékeré sàn ju òfo lọ. Òmíràn ní kí n gbé e sínú ọkọ̀, kí n sì sọ ọ́ sílẹ̀ ní ọjà ìlú kejì. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ranlẹ̀ mọ́ pariwo pé ajá dìgbòlugi ni, ó sì ti mú òkúta kí n tó sáré mú ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ jáde.

Mo wá rántí ìtàn tí àwọn ìyá wa ń pa fún wa lálẹ́, pé ìyàn mú, gbogbo ẹranko sì fi ohùn ṣọ̀kan pé kí olúkúlùkù mú ìyá rẹ̀ wá kí a pa á jẹ. Ajá nìkan ni ó gbé ìyá tirẹ̀ pamọ́ sí òkè ọ̀run, tí ìyá sì ń ju okùn sílẹ̀ fún un kí ó lè gòkè wá jẹun. Kò sí ẹranko mìíràn tí àwọn baba wa rí fi iṣẹ́ yìí lé lọ́wọ́ àfi ajá. Ẹ̀ṣẹ̀ àwọn yòókù, lójú tèmi, kì í ṣe pé ìyá wọn kú nìkan. Nítorí ebi tiwọn ni wọ́n ṣe pa á. Ẹni tí ó ní kí n ta Tanímọ̀la fún ẹran, inú ìtàn náà ni ó ti jáde wá. Nítorí náà mo pinnu pé ọwọ́ mi kò ní sí nínú ikú rẹ̀, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Kò parí. Ní oṣù karùn-ún ó ń mí hẹlẹhẹlẹ nígbà tí kò rin ibì kan. Kò lè dùbúlẹ̀ pẹ́. Lóru a máa rìn yí àgbàlá ká, a sì fi orí ti ògiri. Dókítà wí fún mi pé abẹ́rẹ́ kan wà tí yóò fi òpin sí i láìní ìrora. Mo kọ̀. Mo ní Ọlọ́run ni ó ni ẹ̀mí, pé a ó máa ṣe sùúrù. Ìyàwó mi gbọ́ ọ, ó sì bi mí nígbà tí a délé pé, "Bàbá Dúpẹ́, nínú ẹ̀yin àti òun, ta ni ó ń ṣe sùúrù náà?"

Èmi kò rí èsì fún un ní alẹ́ ọjọ́ náà. Bí mo bá gba aláìsàn níyànjú pé kí ó mú sùúrù, ẹni tí ó lè gbọ́ mi ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ó mọ ìdí tí oògùn fi korò. Ó lè dúró de ọmọ tí ń bọ̀ láti Èkó. Ó lè dárí ji ẹni tí ó ṣẹ̀ ẹ́, kí ó sì tún ilé rẹ̀ ṣe. Ìrora lè di nǹkan kan lọ́wọ́ ènìyàn. Ajá kò mọ̀ pé ìrora òní ni owó tí a fi ń ra ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. A pè é ní Tanímọ̀la, òun gan-an ni kò sì mọ ọ̀la rárá: òní ni gbogbo ohun tí ó ní, òní náà sì ti kún. Èmi ni mo ń gba ìyìn sùúrù, ara tirẹ̀ ni ó ń san owó rẹ̀. Èyí tí ó burú jù ni pé mo mọ ohun tí mo ń dáàbò bò. Níwọ̀n ìgbà tí ajá náà bá wà láàyè, a jẹ́ pé oògùn mi kò pa á.

Ẹnìkan yóò béèrè bóyá a lè ronú bẹ́ẹ̀ nípa ìyá tàbí bàbá tí ó darúgbó. Rárá. Àgbà ní ẹnu, kì í ṣe ohun ìní mi, ẹnìkan tí ń retí ogún sì lè wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ajá, àwa ni a ń pinnu ohun tí yóò jẹ, ibi tí yóò sùn, àti ẹni tí yóò ra ọmọ rẹ̀. Bí a bá wá dé ìgbẹ̀yìn tí a sì wí pé kò kàn wá, sísá ni a sá.

Dókítà náà fi ìwọ̀n kan hàn mí tí oníṣègùn ẹranko kan ní Amẹ́ríkà, Alice Villalobos, gbé jáde ní 2004. Ohun méje ni a ń yẹ̀ wò: ìrora, oúnjẹ, omi ara, ìmọ́tótó, ayọ̀, ìrìn, àti bóyá ọjọ́ rere pọ̀ ju ọjọ́ búburú lọ. A ó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní òǹkà láti 0 dé 10. Bí àròpọ̀ bá ju 35 lọ, a ṣì lè máa tọ́jú rẹ̀ nìṣó. Èmi kò gbà pé a lè fi òǹkà wọn ẹ̀mí, ṣùgbọ́n òǹkà náà kò jẹ́ kí n lè purọ́ fún ara mi. Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú ìwé, mo rí 38. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mo rí 17, mo sì mọ̀ pé mo ti fi kún un.

Ilé wa ni dókítà wá. Abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ mú un sùn; èkejì, tí í ṣe oògùn ìsùn ní àpọ̀jù, dá ọkàn rẹ̀ dúró láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀. Orí rẹ̀ wà ní itan mi. Kò rí mi, ṣùgbọ́n nígbà tí ó gbóòórùn ọwọ́ mi ó ju ìrù lẹ́ẹ̀kan. Àwọn kan ní orúkọ dídùn tí wọ́n ń pe ohun tí a ṣe yìí. Pípa ni èmi ń pè é, mo sì rò pé ó yẹ ní ṣíṣe, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó pẹ́ kí n tó gbà. A gbẹ́ ilẹ̀ jìn lábẹ́ igi ọsàn, nítorí oògùn náà a máa wà nínú òkú, ẹran tí ó bá hú u jẹ lè bá a kú.

Ní ìrọ̀lẹ́, bàbá tí ó ti fi mí rẹ́rìn-ín wá kí wa. Ó jókòó pẹ́ láìsọ nǹkan kan. Nígbà tí ó yá, ó ní òun náà ní ajá kan nígbà tí òun wà ní ọ̀dọ́, àìsàn sì mú un. Òun mú un lọ sí oko, òun so ó mọ́ igi, òun sì padà wálé. Ó ní òun ń gbọ́ ohùn rẹ̀ títí òun fi dé ojú ọ̀nà.