Ọdẹ, Ìbọn Àtijọ́ àti Ẹ̀mí Ẹyẹ

Ẹnu àgbà ni obì ti í gbó, àwọn àgbà wa kò sì ṣàìfi ọ̀rọ̀ ẹran àti ẹyẹ kọ́ wa lọ́gbọ́n. Wọ́n ní ẹni tí yóò fi igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ, kí ó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò, kí ó lè mọ̀ bí ó ti ń dunni tó. Àwọn àgbà kan náà yìí ni wọ́n gbé ọdẹ gẹ̀gẹ̀, tí wọ́n ń fi ìjálá dá a lọ́lá, tí wọ́n sì ń fi ìrèmọ̀jé ṣe ẹ̀yẹ ìkẹyìn fún un. Báwo ni ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí ṣe lè jókòó pọ̀ lórí ẹní kan ṣoṣo? Bí ó bá yẹ kí a ro ti ọmọ ẹyẹ, kí ni a ó wí nípa ẹni tí ó gbé ìbọn wọ igbó, tí kì í ṣe pé ebi ń pa á, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ pé ọdẹ ṣíṣe náà gan-an ni ó dùn mọ́ ọn? Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò.

Kì í ṣe ìfẹ́ àríyànjiyàn lásán ni ó mú mi gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀. Nígbà tí a rán wa lọ fún ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́, agbègbè Kado ní Àbújá ni ó bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ní ọjọ́ kan tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìjálá, tí mo ń ṣàlàyé bí ọdẹ ti í ki ẹran tí í sì ki ẹyẹ, ọmọdébìnrin kan nawọ́ ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, bí ọdẹ bá fẹ́ràn ẹyẹ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń kì í, kí ló dé tí ó fi ń yìnbọn fún un?" Ìbéèrè náà ju ọjọ́ orí ẹni tí ó bi í lọ, ó sì yẹ kí àwa tí a fẹ́ máa kọ́ ọmọ ní èdè àti àṣà Yorùbá ní ìdáhùn tí ó ní láárí sí i.

Kí a má baà da ọ̀rọ̀ pọ̀, ẹ jẹ́ kí a pín ọdẹ ṣíṣe sí ọ̀nà mẹ́ta. Èkíní ni ti ẹni tí ó ń wá ohun tí òun àti ẹbí rẹ̀ yóò jẹ. Èkejì ni ti àgbẹ̀ tí ó ń lé ẹran kúrò lórí iṣu àti àgbàdo rẹ̀. Kò sí onílàákàyè tí yóò bá àwọn méjèèjì yìí wíjọ́ púpọ̀. Ẹ̀kẹta ni ó gba àròjinlẹ̀: ti ẹni tí ó lówó láti ra ẹran lọ́jà, ṣùgbọ́n tí ó yan igbó láàyò, tí ó sì tún lè yan ìbọn àtijọ́ dípò tuntun. Irú wọn kò ṣọ̀wọ́n. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká, tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1986, kò fi ìfẹ́ tí ó ní sí ọdẹ ṣíṣe pamọ́ nínú ìwé tí ó kọ nípa ìgbésí-ayé ara rẹ̀, èyí tí ó jáde ní 2006. Òun kan náà ni ó yí Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ìwé Fágúnwà ti 1938, sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1968.

Ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú, nígbà tí ìwọ́wé bá dé, tí ewé igi ń pọ́n tí ó sì ń já bọ́, àwọn kan a máa gbé ìbọn ẹlẹ́nu méjì tí bàbá tàbí bàbá ńlá wọn lò jáde, wọn a sì wọ igbó lọ wá tòlótòló ìgbẹ́. Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ tòlótòló jìnnà sí wa, kí ó mọ̀ pé ara awó ilẹ̀ Áfíríkà ni ó ti gba orúkọ. Àwọn ará Yúróòpù ti mọ awó tí àwọn oníṣòwò ń kó gba ilẹ̀ Tọ́kì wá. Nígbà tí wọ́n rí ẹyẹ Amẹ́ríkà, wọ́n ṣì í mú fún un, orúkọ Tọ́kì sì lẹ̀ mọ́ ọn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì títí di òní. Nínú orúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fún wọn, ọ̀rọ̀ kan náà, meleagris, ni ó wà lára àwọn méjèèjì. Nítorí náà, a lè fi ojú kan náà wo ẹjọ́ wọn.

Kí ni àwọn olùfẹ́ ìbọn àtijọ́ ń wí? Wọ́n ní ìbọn àtijọ́ ń fún ẹyẹ láyè. Ẹ wo ìbọn ṣakabùlà tiwa. Láti ẹnu ni a ti í rọ ẹ̀tù sí i. A ó fi nǹkan dí i, a ó fi ọ̀pá kì í mọ́lẹ̀, a ó da ọta wẹ́wẹ́ lé e, a ó tún dí i, kí a tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ohun tí yóò ṣáná sí i nídìí. Bí ó bá ti dún lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Kí ọdẹ tó kì í lẹ́ẹ̀kejì, agbo awó ti fò lọ. Ìbọn ẹlẹ́nu méjì ti òyìnbó náà kò lè dún ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ kí a tó tún un kì. Nítorí èyí, ẹni tí ó gbé irú ìbọn bẹ́ẹ̀ kò lè gbẹ́kẹ̀ lé irin. Ìmọ̀ ni yóò gbẹ́kẹ̀ lé. Ó níláti mọ odò tí awó ti ń mumi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, igi tí wọ́n ń sùn lé, àti ohùn tí wọ́n ń ké bí ẹ̀rù bá bà wọ́n. Ó níláti rákò, kí ó mú sùúrù, kí ó sì sún mọ́ wọn dáadáa. Wọ́n ní bí ipá ọdẹ bá ní òdiwọ̀n, ìdíje ni; bí kò bá ní òdiwọ̀n, ìpakúpa ni.

Ọ̀rọ̀ yìí dùn ún gbọ́, òtítọ́ sì wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ibi tí ó kù sí. Ẹyẹ kò bá wa ṣe àdéhùn ìdíje kankan. Bí ọdẹ bá pàdánù, oúnjẹ alẹ́ ni ó pàdánù. Bí ẹyẹ bá pàdánù, ẹ̀mí rẹ̀ ni. Ju bẹ́ẹ̀ lọ, pé nǹkan ṣòro fún ọdẹ kò wí pé ó rọrùn fún ẹyẹ. Ìbọn tí agbára rẹ̀ kò tó lè ṣe ẹyẹ léṣe láìpa á, kí ó fò wọ inú koríko, kí ó sì máa jẹ̀rora títí ikú yóò fi dé. Àǹfààní wo ni irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ rí nínú pé ìbọn àjogúnbá ni ó ṣe é léṣe? Ara ọwọ́ tí ó di ìbọn mú ni kí a ti wá iyì, kì í ṣe ara ìbọn. Ọdẹ tí ó mọ̀ pé ọta wẹ́wẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ mọ́ bí ó bá ti kọjá nǹkan bí ìgbésẹ̀ 40, tí ó sì sọ ìbọn kalẹ̀ nígbà tí ẹyẹ wà ní ìgbésẹ̀ 60, òun ni ó ṣàánú, ìbáà jẹ́ ìbọn àná ni ó gbé tàbí ti òní.

Ohun kan tún wà tí ó kó ọkàn mi sókè ju èyí lọ. Ní ìgbà ìwọ́wé, ọgbọ́n tí ọ̀pọ̀ ọdẹ tòlótòló ń dá ni pé wọn a sáré já wọ àárín agbo kí ó lè tú ká. Lẹ́yìn náà wọn a jókòó jẹ́ẹ́, wọn a máa fi ohun èlò kékeré dún bí ìyá tòlótòló tí ń kó ọmọ rẹ̀ jọ. Àwọn ọmọ tí wọ́n ti sọnù a máa dáhùn, wọn a sì máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí wọn yóò fi dé iwájú ìbọn. Ẹnìkan lè wí pé ẹ̀tàn kún inú igbó: ẹkùn ń lúgọ, ejò ń ba, pańpẹ́ náà ẹ̀tàn ni. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹkùn kò lè ronú lórí ohun tí ìyá jẹ́ fún ọmọ. Ọdẹ lè rò ó, nítorí pé ìyá bí òun náà. N kò wí pé ẹ̀ṣẹ̀ ni ọgbọ́n yìí. Ohun tí mo ń wí ni pé ẹni tí ó bá lè ṣe é láìsí ohunkóhun tí ó mì nínú rẹ̀, ó yẹ kí ó bẹ̀rù ara rẹ̀.

Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ilẹ̀ òkèèrè náà ti fi orí ṣe é. Immanuel Kant, ará Jámánì, kò gbà pé a jẹ ẹranko ní gbèsè kankan nítorí ti ara rẹ̀, síbẹ̀ ó kọ́ni pé ẹni tí ó ń hùwà ìkà sí ẹranko yóò di òǹrorò sí ènìyàn. Jeremy Bentham, ará Gẹ̀ẹ́sì, lọ jìnnà jù ú lọ nínú ìwé rẹ̀ ti 1789: ìrora ẹranko fúnra rẹ̀ ni ó ní kí a wò, kì í ṣe bí òye rẹ̀ ti tó. Òwe igi ṣóńṣó wa gba ọ̀nà méjèèjì pọ̀: ó ní kí a ro ìrora ẹyẹ, ó sì ní ara wa ni kí a ti kọ́kọ́ wò ó.

Àwọn olùgbèjà ọdẹ ní ẹjọ́ mìíràn tí ó lágbára. Wọ́n ní ọdẹ ni ó gba tòlótòló ìgbẹ́ là. Ó ṣe é gbà, bí a bá sọ ìtàn náà tán. Ìbọn àti àáké ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ẹyẹ náà run, tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí ọ̀rúndún 20 bẹ̀rẹ̀, a kò rí i mọ́ ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà tí ó ti wà rí. Irú ẹyẹlé ìgbẹ́ kan tí ó máa ń ṣí kiri níbẹ̀, tí agbo rẹ̀ ń ṣú bo ojú ọ̀run, kò tilẹ̀ ṣe oríire tó bẹ́ẹ̀: èyí tí ó kẹ́yìn nínú wọn, tí wọ́n sọ ní Martha, kú sínú ọgbà ẹranko ìlú Cincinnati ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án, 1914. Ní 1937 ni ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin tí ó ya owó orí ìbọn àti ọta sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú ẹran ìgbẹ́. Wọ́n ń mú tòlótòló láàyè níbi tí ó ṣẹ́kù sí, wọ́n ń gbé e lọ síbi tí ó ti tán, ó sì wà lónìí ní ìpínlẹ̀ 49 nínú 50. Alaska nìkan ni kò sí. Ọwọ́ kan náà tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á run ni ó gbà á là, òdiwọ̀n ni ó sì fa ìyàtọ̀.

Òdiwọ̀n yìí kò yọ awó tiwa sílẹ̀. Ní ìgbà ìrúwé, akọ tòlótòló ni òfin Amẹ́ríkà sábà máa ń fàyè gbà kí a pa. Ní ìgbà ìwọ́wé, ọ̀pọ̀ ibi a máa fàyè gba abo pẹ̀lú. Ẹni tí ó pa abo kan ti pa ẹyin ọdún tí ń bọ̀ mọ́ ọn, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ka iye tí ẹnìkọ̀ọ̀kan lè pa. Ní ti awó, akọ àti abo jọra tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò lè dá wọn mọ̀ láti òkèèrè. Ìgbà òjò ni wọ́n ń yé. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń rìn lágbo-lágbo. Nítorí náà, iye àti àkókò nìkan ni ọdẹ lè fi ṣọ́ ara rẹ̀. Ẹni tí ó bá kó gbogbo agbo, tàbí tí ó kó ẹyin nínú ìtẹ́ nígbà òjò, ìwà àjẹìwẹ̀yìn ni ó hù.

Nísinsin yìí, ẹ jẹ́ kí a padà sí ìjálá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébóyè Babalọlá, tí ó ṣe ìwé ńlá lórí rẹ̀ ní 1966, jẹ́ kí ayé mọ̀ pé oríkì ẹran àti ẹyẹ jẹ́ apá pàtàkì nínú rẹ̀. Apìjálá kì í ki ohun tí kò mọ̀. Ó mọ àwọ̀, ìrìn, ohùn àti ìwà ẹran kọ̀ọ̀kan. Bí mo ti rò ó sí, gbèsè ni ọdẹ fi oríkì yìí ń san. Ó ń jẹ́wọ́ pé ohun tí òun pa kì í ṣe igi lásán, pé ó ní orúkọ, ó ní ẹwà, ó sì ní ipò tirẹ̀ nínú igbó. Ìdáhùn mi sí ọmọdébìnrin náà nìyí: ọdẹ ń ki ẹyẹ nítorí ó mọ̀ pé ohun ńlá ni òun gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ tí ọdẹ bá ń pa tí kò sì lè kì mọ́ ni ewu dé.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí kò dùn ún sọ. Ní 1976 ni òfin ìjọba ológun ya ilẹ̀ Àbújá sọ́tọ̀ fún olú-ìlú. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá, 1991, ìjọba kó láti Èkó wá síbẹ̀. Kí ó tó di ìgbà náà, ilẹ̀ àwọn Gbagyi ni ilẹ̀ Kado, àwọn àgbẹ̀ àti ọdẹ tí obìnrin wọn ń fi èjìká ru ẹrù dípò orí. Títí di òní, abúlé Kado Kuchi ṣì wà láàárín ilé ńláńlá tí ó yí i ká. Oko àti pápá àtijọ́ ti di títì ọ̀dà. Ṣakabùlà kọ́ ni ó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹyẹ níbẹ̀, katapílà ni. Àwa tí a ń gbé inú ilé wọ̀nyí kò yìnbọn, ọwọ́ wa sì dà bí ẹni pé ó mọ́. Ní ọjà ẹja Kado, a ń nàka sí ẹja àrọ̀ tí ó ń lúwẹ̀ẹ́, a ní kí wọ́n pa á, a kì í sì bi ara wa léèrè ohunkóhun. Nígbà Kérésìmesì, a ń jẹ tòlótòló tí kò kúrò nínú ọgbà láti ọjọ́ tí wọ́n ti pa á. Ǹjẹ́ ẹni tí ó sanwó kí ẹlòmíràn pa á fún òun sàn ju ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa á, tí ó sì rí ojú rẹ̀? N kò rò bẹ́ẹ̀.

Kí wá ni ìdájọ́ wa? Lójú tèmi, ọdẹ tí kì í ṣe tìtorí ebi lè wà ní ipò ọmọlúwàbí bí ó bá pa nǹkan mẹ́ta mọ́. Èkíní, kí ó jẹ ohun tí ó pa, kí ó sì fún ẹlòmíràn nínú rẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, bí ó bá pa ẹran kò ní fún ẹnìkan jẹ. Síbẹ̀ ọdẹ ń fúnni, fífúnni náà sì wà lára ohun tí ó sọ ọ́ di ẹni iyì. Èkejì, kí ó mọ ibi tí òun yóò dúró, ní iye, ní àkókò, ní jíjìnnà ẹyẹ sí ìbọn, àti níwájú òfin, nítorí pé Òfin Ìbọn ti 1959 kò yọ ṣakabùlà pàápàá sílẹ̀ nínú gbígba ìwé àṣẹ. Ẹ̀kẹta, kí ó mọ ohun tí ó ń pa, kí ó sì bọ̀wọ̀ fún un. Ẹni tí ó ń pa kí ó lè ka iye tàbí kí ó lè ya fọ́tò, òun gan-an ni òwe igi ṣóńṣó ń bá wí.

Bí ẹnìkan bá bèèrè bí a ó ti ṣe mọ ayọ̀ rere yàtọ̀ sí ayọ̀ ìkà, ìdánwò kan wà. Ọdẹ tí ó bá lè jí ní ìdájí, kí ó rìn títí, kí ó rí awó, kí ó má rí àyè yìnbọn, kí ó sì padà sílé tayọ̀tayọ̀, igbó ni ó fẹ́ràn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọjọ́ bẹ́ẹ̀ bà nínú jẹ́ pátápátá, ikú ẹyẹ nìkan ni ó ń wá kiri.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ óò di olùkọ́ lọ́la, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ju bí a ti rò lọ. Bí a bá ń kọ́ ọmọ ní ìjálá, ẹ má jẹ́ kí ó mọ sí ariwo ìbọn àti orin Ògún. Ẹ jẹ́ kí a mú wọn jáde láti wo ẹyẹ tí ó ṣẹ́kù ní àyíká wọn, kí wọ́n mọ orúkọ rẹ̀ ní èdè wa, kí wọ́n mọ ohùn rẹ̀ àti ohun tí ó ń jẹ. Ọmọ tí kò mọ àparò yàtọ̀ sí awó kò ní mọ ọjọ́ tí àwọn méjèèjì bá tán.