Ǹjẹ́ Ó Yẹ Kí Ènìyàn Mọ Ewu Tó Wà Níwájú Ọkàn Rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ lẹ́ẹ̀kan yìí kì í ṣe ti oníṣègùn nìkan. Ọ̀rọ̀ ìwà ni, ó sì kan olúkúlùkù wa.

Ní ọjọ́ kan, a pe àwọn nọ́ọ̀sì wá sí ìpàdé wa láti wá yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa kọ̀ láti na apá rẹ̀. Ó ní, "Ẹ fi mí sílẹ̀. Ohun tí n kò bá mọ̀ kò lè gba oorun lójú mi." A rọ̀ ọ́, a fi í ṣe yẹ̀yẹ́, títí ó fi gbà. Nígbà tí nọ́ọ̀sì ka iye tí ó rí, àwa tí a jókòó nítòsí lanu, a pariwo. Kí a tó ṣe oore-ọ̀fẹ́, gbogbo ẹgbẹ́ ti gbọ́. Ìyá yìí kò tún wá sí ìpàdé fún oṣù mẹ́ta. Láti ìgbà náà ni ìbéèrè méjì ti ń jà lọ́kàn wa. Ǹjẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ènìyàn sọ pé òun kò fẹ́ mọ̀? Àwa tí a sì mọ̀ ńkọ́, kí ni ó yẹ kí a ṣe sí ẹni tí a mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀?

Kí a tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí àwọn dókítà ń ṣírò. Ní ọdún 1948, ní ìlú Framingham ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, àwọn onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ọkùnrin àti obìnrin 5,209 wò, àwọn ẹni ọdún 30 sí 62. Wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀ ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, ẹni tó ń fa sìgá, ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, àti bí ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ olúkúlùkù ti pọ̀ tó. Lẹ́yìn náà wọ́n ní sùúrù, wọ́n ń wo ẹni tí àrùn ọkàn yóò mú. Ní 1971 wọ́n mú àwọn ọmọ wọn mọ́ ọn, ní 2002 ó kan àwọn ọmọ-ọmọ. Ṣáájú ìgbà náà, ọ̀pọ̀ dókítà gbà pé bí àgbà bá ti ń dé ni ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ máa ru, pé kò sí ewu níbẹ̀. Àwọn ará Framingham ni wọ́n jẹ́ kí a mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Láti inú irú àkọsílẹ̀ yìí ni wọ́n ti ṣe ìṣirò. Bí dókítà bá sọ fún ìyá kan pé ewu rẹ̀ jẹ́ 10 nínú 100 láàárín ọdún mẹ́wàá, ohun tó ń sọ ni pé bí a bá kó 100 obìnrin tó rí bí tirẹ̀ jọ, a lè retí pé àrùn ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀ yóò mú bí i 10 nínú wọn kí ọdún mẹ́wàá tó pé. Kò ní mú 90 yòókù láàárín ìgbà náà. Dókítà kò mọ̀ bóyá ìyá náà wà nínú 10 tàbí nínú 90. Nítorí náà kì í ṣe àsọtẹ́lẹ̀, kì í sì í ṣe ìdájọ́.

Ibì kan wà tí ìṣirò yìí lè tan ènìyàn jẹ. Ọjọ́ orí ló wúwo jù nínú rẹ̀. Obìnrin ẹni ọdún 35 tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń ru lè gbọ́ pé ewu ọdún mẹ́wàá òun kéré, kí ó máa fò fẹ̀rẹ̀ lọ sílé. Ṣùgbọ́n ní 1999 àwọn tó ń ṣírò ti Framingham tẹ̀ ẹ́ jáde pé bí a bá wo gbogbo ayé ènìyàn láti ẹni ogójì ọdún lọ, bí i obìnrin 1 nínú 3, àti bí i ọkùnrin 1 nínú 2, ni àrùn ọkàn ń mú kí wọ́n tó kú. Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ onímọ̀ àrùn ọkàn ti Amẹ́ríkà fi gbé ìṣirò tuntun jáde ní 2023, èyí tó ń wo ọgbọ̀n ọdún síwájú fún àwọn ẹni ọdún 30 sí 59. Àwọn baba wa kò ní kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ ọ́: kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò, bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

Ẹnìkan lè béèrè pé, "Ṣé ìwọ̀n tí wọ́n fi wọn òyìnbó ni wọn yóò fi wọn wá?" Ìbéèrè ọlọgbọ́n ni. Òyìnbó ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo àwọn ará Framingham àkọ́kọ́. Ní 2019 Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìṣirò jáde fún agbègbè kọ̀ọ̀kan láyé, ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà sì ní tirẹ̀. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí kò béèrè pé kí a fa ẹ̀jẹ̀ rárá: ọjọ́ orí, akọ tàbí abo, sìgá, ẹ̀jẹ̀ ríru, àti bí ènìyàn ti tẹ̀wọ̀n tó sí bó ti ga tó.

Àwọn onímọ̀ kan tún ka àwọn tó jẹ́ ọmọ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní ìran, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1997. Àwọn tó wà nílé, tí Nàìjíríà wà lára wọn, 16 nínú 100 ni ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru. Ní àwọn erékùṣù Karibéànì ó jẹ́ 26. Ní Amẹ́ríkà ó jẹ́ 33. Ìran kan náà ni, ìgbé ayé ló yàtọ̀. Ẹni tó bá ń sọ pé kádàrá òun ni, kí ó ro ìyẹn wò. Àwa tí a wà nílé náà kò gbọdọ̀ fi 16 yẹn yangàn, nítorí oúnjẹ àti ìjókòó ojú kan ti ìlú ńlá ti ń wọlé tọ̀ wá.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a padà sí ìbéèrè wa. Àwọn kan ń sọ pé ẹni tó bá ń ṣírò àìsàn tí kò tíì dé, ìgbàgbọ́ rẹ̀ kéré. A kò rò bẹ́ẹ̀. John Wesley fúnra rẹ̀ tẹ ìwé ìwòsàn jáde ní 1747 fún àwọn tálákà tí kò lówó dókítà. Yorùbá sì mọ ààlà ọ̀rọ̀ náà: a rí ti àìsàn ṣe, a kò rí ti ọlọ́jọ́ ṣe. Ti àìsàn ni ìṣirò yìí ń bá wí.

Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù, a kò sì gbọdọ̀ fi ẹ̀rù wọn ṣeré. Ẹni tí kò lówó oògùn, kí ni yóò fi ìmọ̀ náà ṣe bí kò ṣe àìsùn? Ẹni tó bá kọ̀ nítorí èyí kò dẹ́ṣẹ̀. Síbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru kì í kanlẹ̀kùn. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò ní àmì kankan títí yóò fi ṣe ọṣẹ́. Ọjọ́ tí rọpárọsẹ̀ bá sì gbé ìyá ṣánlẹ̀, ọmọbìnrin rẹ̀ ni yóò ti ṣọ́ọ̀bù pa láti máa gbé e. Àìmọ̀ tí a pè ní tiwa nìkan, àwọn ọmọ wa ni yóò san gbèsè rẹ̀. Nítorí náà a gbà pé ẹni tí ọwọ́ àwọn mìíràn ń gbé ní ìdí láti fẹ́ mọ̀. Ṣùgbọ́n fífẹ́ ni, kì í ṣe fífipá mú. Ẹgbẹ́ tó bá sì ń rọ ènìyàn láti mọ̀ gbọ́dọ̀ ṣe tán láti bá a wá owó oògùn.

Ohun kẹta ló dùn wá jù. A máa ń fi iye yìí dá ara wa lẹ́bi. Bí àìsàn bá mú ẹnìkan, a ó ní, "Iyọ̀ ló jẹ jù." Nínú àwọn 10 tí àrùn mú, àwọn kan wà tó pa gbogbo òfin mọ́. Nínú àwọn 90, àwọn kan wà tó ń fa sìgá. Iye tí a rí lára ọgọ́rùn-ún ènìyàn kò lè jẹ́ ẹlẹ́rìí lòdì sí ẹnìkan ṣoṣo.

Nígbà tí a lọ kí ìyá wa nílé, ó ti dá lọ sí ilé ìwòsàn, ó sì ti ń lo oògùn. Ó wí fún wa pé, "Ẹ̀jẹ̀ mi kọ́ ló lé mi kúrò láàárín yín, ariwo yín ni." A tọrọ àforíjì. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀yìn aṣọ títa ni a ti ń wọn ẹ̀jẹ̀, ẹni tó ni iye nìkan ni a sì ń fún ní ìwé. A dín iyọ̀ àti mágì kù nínú ìrẹsì àríyá wa, nítorí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ ẹnìkan lójúmọ́ má kọjá gíráàmù márùn-ún, ìwọ̀n ṣíbí ìpotíì kan péré. Ìyẹn dára fún ẹni tó mọ iye rẹ̀ àti ẹni tí kò mọ̀.

A bẹ̀ yín ní ohun kan sí i. Ìyá tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru nígbà oyún, kódà bí ó jẹ́ ogún ọdún sẹ́yìn, kí ó rántí sọ fún dókítà, nítorí ewu ọkàn rẹ̀ ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Kí ẹni tó ti wọ̀n ọ́n rí sì tún lọ wọ̀n ọ́n. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ló mú kí babaláwo máa dÍfá ọrọọrún. Iye tó ga lè wálẹ̀, èyí tó kéré sì lè gòkè.

Ìyá wa ti padà sí ìjókòó rẹ̀. A kò mọ iye rẹ̀ báyìí, a kò sì béèrè.