Owó Òfò: Ta ni Ó Ń San Án?

 

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi nínú ẹ̀sìn, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó máa ń jáde lẹ́nu àwọn onímọ́tò wa, láti Igangan dé Igbó-Ọrà àti Ẹrúwà, tí ó yẹ kí á gbé sórí òṣùwọ̀n ẹ̀sìn. Bí mọ́tò ẹnì kan bá forí sọ, tí ó sì ní ìnṣọ́ránsì, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á ní: "Bù lé e! Owó àwọn olówó Èkó ni. Ó ti pẹ́ tí o ti ń san án, gba tìrẹ padà." Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò ni èyí: ta ni ó ni owó náà gan-an? Bí ènìyàn bá sì gbà ju ohun tí ó pàdánù lọ, ọwọ́ ta ni ó ti gbà á?

Oríṣi ìnṣọ́ránsì mọ́tò méjì ni ó wọ́pọ̀ láàrin wa. Èkíní ni third party, tí òfin ọdún 1945 ti sọ di dandan láti ayé òyìnbó. Kì í ṣe nítorí mọ́tò tiwa ni a ṣe ń san án. Nítorí ẹni tí mọ́tò wa bá ṣe léṣe, tàbí tí ó bá ba dúkìá rẹ̀ jẹ́, ni. Èkejì ni comprehensive, tí ó kan mọ́tò tiwa náà. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2023 ni àjọ NAICOM, tí ó ń bójú tó àwọn ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì, ti sọ owó third party mọ́tò ara ẹni di 15,000 náírà lọ́dún, láti orí 5,000 náírà tí ó wà tẹ́lẹ̀. Ilé-iṣẹ́ sì lè san tó 3,000,000 náírà lórí dúkìá ẹlòmíràn tí mọ́tò náà bá bà jẹ́.

Báwo ni ẹni tí ó san 15,000 náírà ṣe lè di ẹni tí a ń san 3,000,000 náírà nítorí rẹ̀? Kì í ṣe idán. Owó ọ̀pọ̀ ènìyàn tí nǹkan kò ṣe ni a fi ń tún ti ẹnì kan tí nǹkan ṣe ṣe. Àwọn baba wa ní Ìbàràpá mọ irú rẹ̀ nínú àáró, nígbà tí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ bá kó ara wọn jọ kọ ebè lóko ẹnìkọ̀ọ̀kan. Bí ẹnì kan bá fi èrú bu oko tirẹ̀ tóbi ju ti àwọn yòókù lọ, ẹ̀yìn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó ń dá, kì í ṣe ẹ̀yìn ọba.

Ẹ jẹ́ kí á fi ìṣirò ṣe àpẹẹrẹ. Kí á ní onímọ́tò 100 dá 15,000 náírà kọ̀ọ̀kan jọ. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,500,000 náírà. Ní ọdún náà, àwọn 3 ní jàǹbá, òfò ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 400,000 náírà, èyí tí ó jẹ́ 1,200,000 lápapọ̀. Ó ku 300,000 náírà fún owó òṣìṣẹ́ àti ilé. Ọ̀rọ̀ gún. Ṣùgbọ́n bí àwọn 2 nínú wọn bá bá mẹkáníìkì dìmọ̀ pọ̀, tí wọ́n kọ 700,000 dípò 400,000, owó òfò di 1,800,000 náírà. Bí a bá fi 300,000 ti òṣìṣẹ́ kún un, ó di 2,100,000. Kí owó tó lè tó lọ́dún tí ń bọ̀, oníkálùkù gbọ́dọ̀ san 21,000 náírà. Bí àwọn 20 bá ní apá àwọn kò ká a, tí wọ́n sá lọ, 26,250 náírà ni yóò já lé ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn 80 tí ó kù lórí. Ta ni àwọn 80 yìí? Tíṣà tí ó ní ògbólógbòó mọ́tò kan ni, àti opó tí ó ń fi mọ́tò kó gààrí lọ sọ́jà. Àwọn ni wọ́n san irọ́ tí wọn kò pa.

Òótọ́ ni pé owó òfò tí kò ní irọ́ nínú pẹ̀lú máa ń gbé iye owó sókè. Bí jàǹbá bá pọ̀, tí ohun èlò mọ́tò sì wọ́n, owó yóò lé. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni tí ó gba ẹ̀tọ́ rẹ̀, nítorí ohun tí a torí rẹ̀ dá owó náà nìyẹn. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan sì máa ń dín díẹ̀ kù fún ẹni tí kò gba owó òfò kankan láàrin ọdún. Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ pé ara mọ́tò ẹni kàn ha díẹ̀ ni, ó dára kí ènìyàn ṣírò bóyá yóò sàn kí ó fi owó ara rẹ̀ tún un ṣe. Ọgbọ́n ni ìyẹn. Irọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀.

Ẹlòmíràn á ní: "Ọdún mẹ́wàá ni mo ti ń san án tí n kò gba kọ́bọ̀. Owó mi ni mo ń gbà." Ọ̀rẹ́ mi, ìnṣọ́ránsì kì í ṣe èésú tí oníkálùkù ń kó tirẹ̀. Ẹ wo ọdẹ tí ń ṣọ́ àdúgbò lóru. Oṣooṣù ni à ń san owó rẹ̀. Bí olè kò bá wá fún ọdún mẹ́wàá, ṣé a ó ní kí ó dá owó wa padà? Àbí a ó ránṣẹ́ pe olè kí owó má baà ṣòfò? Oorun tí a sùn ni a fi owó rà, a sì ti sùn ún.

Súratul Mutaffifín bá irú ìwà yìí wí. Ọlọ́hun ṣe ìlérí ègbé fún àwọn tí wọ́n ń gba ẹ̀kún òṣùwọ̀n nígbà tí wọ́n bá ń gbà, ṣùgbọ́n tí wọ́n ń dín in kù nígbà tí wọ́n bá ń wọ̀n fún ẹlòmíràn. Ẹ kíyè sí i pé ìbáwí náà kan ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì pẹ̀lú. Ilé-iṣẹ́ tí ó gba owó pé, ṣùgbọ́n tí ó ń fi òní dónìí, fi ọ̀la dọ́la fún ẹni tí òfò ṣe, ọ̀kan náà ni òun àti onírọ́. Irú wọn ni ó ń mú kí àwọn ènìyàn sọ pé ìwé lásán ni ìnṣọ́ránsì, tí wọ́n fi ń lọ ra ayédèrú.

Ayédèrú ìwé yìí sì burú jọjọ. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2025 ni àwọn ọlọ́pàá ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú òfin third party le. Ṣùgbọ́n ká tilẹ̀ ní kò sí ọlọ́pàá lójú ọ̀nà, bí mọ́tò bá gbá ọmọ ọlọ́mọ, tí ẹni tí ó wà á kò ní ju ayédèrú ìwé lọ, ta ni yóò san owó ọsibítù? Bàbá ọmọ náà, tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀, ni yóò ta oko rẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn ààfáà kan kò fara mọ́ ìnṣọ́ránsì àwọn oníṣòwò. Àwọn onímọ̀ òfin Ìsìláàmù tí wọ́n péjọ ní Jeddah ní oṣù Disẹ́ḿbà ọdún 1985 kọ̀ ọ́ nítorí àìdánilójú tí ó wà nínú rẹ̀, wọ́n sì fọwọ́ sí èyí tí àwọn ènìyàn bá fi ń ran ara wọn lọ́wọ́, tí à ń pè ní tàkáfùlù. Sudan ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1979. Ní Nàìjíríà, NAICOM ṣe ìlànà fún un ní ọdún 2013, ó sì ti wà fún ẹni tí ó bá fẹ́. Nínú tàkáfùlù, bí owó bá ṣẹ́kù, wọ́n lè pín in fún àwọn tí wọ́n dá a. Níbẹ̀ ni ojú ti ń rí i kedere pé abọ́ ọmọ ìyá ẹni ni onírọ́ ń bù jẹ. Ṣùgbọ́n bóyá tàkáfùlù ni o, bóyá ti àwọn oníṣòwò ni o, kò sí ààfáà kan tí ó ní kí Mùsùlùmí parọ́ gba owó.

Ojíṣẹ́ Ọlọ́hun, kí ìkẹ́ àti ọlà máa bá a, sọ ìtàn àwọn tí wọ́n jọ wọ ọkọ̀ ojú omi, tí àwọn ti ìsàlẹ̀ fẹ́ lu ihò sí apá tiwọn kí wọ́n lè rí omi pọn. Bí àwọn ti òkè bá wò wọ́n níran, gbogbo wọn ni yóò rì. Bí wọ́n bá dá wọn lọ́wọ́ kọ́, gbogbo wọn ni yóò là. Bukhari gbà á wá.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá gbọ́ tí ẹnì kan ń ní "Bù lé e", ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín sí i. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí á sùn lóru. Ẹ sọ fún un pé iye tí ó sọnù gan-an ni kí ó kọ. Ẹ̀yin mẹkáníìkì, ẹ má ṣe fi gègé yín jẹ́rìí èké. Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ máa rí i pé ẹ kì í jẹ owó tí kì í ṣe tiyín.

Kí Ọlọ́hun Ọba fi halálì rọ̀ wá lọ́rùn, kí Ó sì ṣọ́ wa lójú títì. Àmín.