Màmá, Kí Lẹ Fi Sí I?

Ẹni tó bá purọ́ nídìí oúnjẹ kì í ṣe ọmọlúàbí. Kí n tètè sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo fẹ́ gbọ́ tẹnu ìhà méjèèjì kí n tó dájọ́. Mo ti dá ẹjọ́ tèmi láti ọjọ́ ìkómọ kan tí mo lọ ní Agége, inú tó bí mi lọ́jọ́ náà kò sì tíì rọ̀.

Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, ara rẹ̀ kò gba ẹ̀pà rárá. Ìyá rẹ̀ kò fi pamọ́. Kí wọ́n tó gbé oúnjẹ sílẹ̀ ló ti lọ bá àgbàlagbà tó ń darí àwọn alásè, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Mà. Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ṣé ẹ ò fi yájì sí àsun yìí? Ẹ̀pà kì í bá ọmọ mi lára mu." Ó nídìí tó fi béèrè: kúlíkúlí tí wọ́n lọ̀ wà nínú yájì tí àwọn onísúyà fi ń pa ẹran lára. Màmá kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. "Ìyàwó, ata àti àlùbọ́sà lásán ni. Jẹ́ kọ́mọ jẹun jàre."

Ọmọ jẹun. Ẹran kejì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí ètè rẹ̀ fi wú, ara rẹ̀ sú, ó ń wúkọ́, èémí rẹ̀ ń dún fín-ín fín-ín. Ẹnìkan ní kí wọ́n fún un lépo pupa mu. Ẹlòmíràn ní ayé ló ń ṣe é. Ìyá rẹ̀ kò dá wọn lóhùn. Ó fa abẹ́rẹ́ adrenaline tó rí bíi bírò yọ nínú báàgì, ó gún un ní ẹ̀gbẹ́ itan, wọ́n sì gbé e dìgbàdìgbà lọ sí ọsíbítù. Ọlọ́run bá wọn ṣe é, ọmọ náà yè. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀ ni mo gbọ́ tí Màmá ń wí fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé, "Ṣé yájì ṣíbí kan tí mo bù sí i náà ló fa gbogbo wàhálà yìí? Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ti kẹ́ ọmọ wọn bàjẹ́."

Ó mọ̀! Wọ́n kúnlẹ̀ bi í, ó mọ̀, ó sì ní kò sí.

Wọ́n á ní mo le jù. Wọ́n á ní Màmá lawọ́, ó mọ èèyàn kí, kì í ṣọ̀lẹ, kò sí ẹni tó máa dé ilé rẹ̀ tí yóò febi lọ. Mo gbà. Inú rere ń bẹ, ìteríba ń bẹ, iṣẹ́ ṣíṣe ń bẹ. Kí ni ọmọ tí èémí rẹ̀ ń há fẹ́ fi wọ́n ṣe? Òtítọ́ nìkan ni ìyá rẹ̀ wá tọrọ nídìí ìkòkò, òun gan-an ni wọn kò sì fún un. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Irọ́ ẹ̀pà kì í rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ìṣẹ́jú mélòó kan péré ni òtítọ́ fi bá ti Màmá, ara ọmọ ọlọ́mọ ló sì ti bá a.

Ẹ jẹ́ ká bi ara wa léèrè. Bí Alhaji kan bá wá síbi ìnáwó yẹn, tó ní, "Ṣé ẹlẹ́dẹ̀ kọ́ nìyí?", ta ló jẹ́ purọ́ fún un? Bí olórìṣà kan bá ní Ọbàtálá kò jẹ́ kóun mu ẹmu, ta ni yóò yọ́ ọ bù sí ife rẹ̀, kó lè wò ó bóyá nǹkan kan yóò ṣe é? Ìdílé kan kì í jẹ ẹran báyìí, ìdílé kejì kì í jẹ ẹja tọ̀hún, a sì ti ń bọ̀wọ̀ fún wọn láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ti ọmọ kékeré nìkan ló wá di àṣejù. Nítorí pé ọmọdé ni, nítorí pé ìyàwó ilé ni ìyá rẹ̀, a kò bẹ̀rù wọn. Ẹni tó jẹ́ pé àwọn tó bẹ̀rù nìkan ló ń bá sọ òtítọ́, ojo ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọ tó ń ṣa oúnjẹ jẹ. Ohun tó ń gbèjà ara lọ́wọ́ àìsàn ló ń ṣi èròjà inú ẹ̀pà mú fún ọ̀tá. Ìwọ̀nba tí kò kún orí ṣíbí tó láti dá a sílẹ̀, sísun tí a sì sun ẹ̀pà kì í sọ ọ́ di aláìléwu. Ètè nìkan lè wú lónìí, kó jẹ́ ọ̀fun ni yóò dí nígbà mìíràn. Epo pupa kò ràn án, hóró Piriton kò tó o. Abẹ́rẹ́ adrenaline ló ń ṣí ọ̀nà èémí, agbára rẹ̀ kì í sì í pẹ́ nínú ara. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ gbé ọmọ dé ọ̀dọ̀ dókítà, ì báà ti máa rẹ́rìn-ín, torí nǹkan náà lè tún padà lẹ́yìn wákàtí mélòó kan. Àwọn tó sọ pé ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run, wọn kò ṣeré.

"Nígbà tiwa, kò sí irú èyí." Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu àwọn àgbà títí ó fi sú mi. Ṣùgbọ́n n ó fún àwọn àgbà ní ẹ̀tọ́ wọn, bí kò tilẹ̀ wù mí. Lọ́dún 2015, Ọ̀jọ̀gbọ́n Gideon Lack àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní King's College London gbé àbọ̀ ìwádìí kan jáde, èyí tí wọ́n fi ọmọ 640 ṣe. Àwọn ọmọ ọwọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún lóúnjẹ ẹlẹ́pà kí wọ́n tó pé ọdún kan kò fi bẹ́ẹ̀ ní ìṣòro ẹ̀pà nígbà tí wọ́n pé ọdún márùn-ún. Ìṣòro náà fi bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún dín sí ti àwọn tí wọn kò fún. Nítorí náà, ìyá àgbà tó ń lọ ẹ̀pà sínú ògì ọmọ kò gọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìyókù: wọ́n kọ́kọ́ yẹ ara ọmọ kọ̀ọ̀kan wò, wọ́n sì yọ àwọn tí ara wọn ti kọ ẹ̀pà gan-an sẹ́yìn. Ọmọ tí ara rẹ̀ ti kọ̀ ọ́, dókítà nìkan ló lè dán an wò. Alásè kò sí níbẹ̀.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀mí ló kọ́kọ́ lọ sí i kí wọ́n tó ṣòfin pé kí wọ́n máa sọ ohun tó wà nínú oúnjẹ. Lọ́dún 2016, Natasha Ednan-Laperouse, ọmọ ọdún 15, ra búrẹ́dì kan ní pápákọ̀ òfuurufú Heathrow. Yànmọ̀tí wà nínú ìyẹ̀fun tí wọ́n pò, ara rẹ̀ kò gba yànmọ̀tí, wọn kò sì kọ ọ́ sára ọ̀rá rẹ̀. Inú ọkọ̀ òfuurufú tó ń lọ sí Nice ni nǹkan ti bẹ̀rẹ̀. Abẹ́rẹ́ méjì ni wọ́n gún un, síbẹ̀ ó kú. Àwọn òbí rẹ̀ kò dákẹ́, títí òfin tí wọ́n ń forúkọ rẹ̀ pè fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù October, ọdún 2021: oúnjẹ tí ilé ìtajà bá dì sílẹ̀ fún títà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ní àkọsílẹ̀ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, kí irú oúnjẹ 14 tó ń fa ewu yìí sì hàn ketekete, tí ẹ̀pà, ẹyin, wàrà, edé àti yànmọ̀tí wà lára wọn. Ọ̀rá tó dákẹ́ ló fa òfin yẹn. Alásè tiwa kò dákẹ́, ó là á mọ́lẹ̀ pé kò sí. NAFDAC lè ṣọ́ ohun tó wà nínú páálí, ṣùgbọ́n kò sí òṣìṣẹ́ NAFDAC nídìí àgbá ìrẹsì níbi ìkómọ. Ìwà ọmọlúàbí nìkan ni òfin tó dé ibẹ̀.

Ìyá ìyá mi ta mọ́ínmọ́ín l'Ábẹ́òkúta títí ó fi darúgbó, kò sì kàwé rárá. Bí oníbàárà tuntun bá na owó sí i, òun fúnra rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ sọ pé, "Edé wà nínú tèmi o." Àwọn kan a gba owó wọn padà. Kì í bínú. Ó ní ẹni tó padà lọ láàyè lè ra nǹkan mìíràn lọ́la.

Ẹ wo wàhálà tí ìyá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń bá yí. Ó ń gbé abọ́ oúnjẹ tọmọ rẹ̀ káàkiri òde. Ó ń ṣàlàyé fún olùkọ́, fún awakọ̀, fún ìyá ọkọ. Abẹ́rẹ́ yẹn wọ́n nílé oògùn wa, ẹ̀gbọ́n tó wà lókè òkun ni ọ̀pọ̀ ń bẹ̀ kó bá wọn rà á. Ó tún ń kọ́ ọmọ ní ohun tó ṣòro jù lọ nínú ẹ̀kọ́ ilé Yorùbá: kó kúnlẹ̀ tàbí kó dọ̀bálẹ̀, kó ní, "Ẹ ṣé, Mà, ara mi kì í gbà á," kó má sì gba oúnjẹ lọ́wọ́ àgbà. Àwa á wá ní ọmọ náà kò lẹ́kọ̀ọ́! Ojú kan ní ń bímọ, igba ojú ní ń wò ó. Nínú igba ojú yẹn, ẹyọ kan tó bá purọ́ ti ba iṣẹ́ ìyókù jẹ́.

Ẹ̀yin alásè, ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ̀yin olùkọ́: bí wọ́n bá bi yín ní ohun tó wà nínú oúnjẹ, ẹ ka gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹ kò bá mọ̀, ẹ ní ẹ kò mọ̀. Kò sí ẹ̀tẹ́ níbẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Bí ẹ bá sì mọ̀, tí ẹ ní kò sí, ẹ má pe ara yín ní ọmọlúàbí létí mi mọ́.