Ẹ̀rí Okùn Ìwọ̀n

Bí aránṣọ bá na okùn ìwọ̀n yí ènìyàn ká, aṣọ ni yóò gé kí ó lè bá ara mu. Ní ilé iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ náà yí padà: ara ni wọ́n ń fi okùn náà dá lẹ́jọ́. Ìyàtọ̀ yìí ni mo fẹ́ kí a jọ rò, nítorí ìbéèrè tí ó wà nídìí rẹ̀ kò mọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ológun: ṣé ó tọ́ kí a fi ohun tí ó rọrùn láti wọ̀n ṣe ìdájọ́ ohun tí ojú kò lè rí?

Kí a tó bú okùn náà, ó yẹ kí a mọ̀ pé ìfẹ́ òdodo ni ó bí i. Ní 1942, Welham àti Behnke, tí wọ́n ń bá ológun ojú omi Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́, yẹ ara àwọn ọkùnrin 25 wò, àwọn tí bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ wọn. Bí a bá tẹ̀lé ìwé gíga àti ìwúwo tí wọ́n ń lò nígbà náà, 17 nínú wọn kò yẹ fún iṣẹ́ ogun, nítorí pé wọ́n wúwo jù. Ṣùgbọ́n nígbà tí a wọ̀n wọ́n lábẹ́ omi, ó hàn pé iṣan ni ó mú ọ̀pọ̀ nínú wọn wúwo, kì í ṣe ọ̀rá. Òṣùwọ̀n ti parọ́ mọ́ wọn.

Kò sí ẹni tí ó lè ri gbogbo ọmọ ogun sínú omi. Nítorí náà, ní 1984, Hodgdon àti Beckett gbé ìlànà ìṣirò kan kalẹ̀: fún ọkùnrin, gíga, ọrùn àti ikùn, fún obìnrin, a fi ìbàdí kún un. Okùn kan àti ìwé kan ti tó. Àwọn tí ó ṣe é mọ̀ pé ó lè fi nǹkan bí 3 tàbí 4 nínú 100 yẹ̀ sí òótọ́, wọn kò sì fi èyí pamọ́.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọkùnrin ọmọ ọdún 25 kan, tí gíga rẹ̀ jẹ́ ìnṣì 70, tí ikùn rẹ̀ jẹ́ ìnṣì 38. Bí ọrùn rẹ̀ bá jẹ́ ìnṣì 16, ìṣirò yóò sọ pé ọ̀rá kó 23 nínú 100 ara rẹ̀. Nígbà tí ológun orí ilẹ̀ ń lo ìṣirò yìí, òfin wọn gba 22 fún ọjọ́ orí rẹ̀. Ó ti kùnà. Bí ẹlòmíràn bá bá a dọ́gba nínú ohun gbogbo, àfi pé ọrùn tirẹ̀ jẹ́ ìnṣì 17, ìṣirò yóò pè é ní 21. Ó ti yege. Ìnṣì kan ní ọrùn, nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 2.5, ni ó wà láàárín wọn. Ẹni tí ó kùnà kì í gba ìgbéga. Bí ara rẹ̀ kò bá sì fọn bí àkókò ti ń lọ, wọ́n lè yọ ọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí máàkì kan ṣoṣo ti dá padà rí mọ ohun tí mò ń wí.

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ẹlẹ́rìí kan ni okùn. Ẹ̀bi rẹ̀ kọ́ ni pé wọ́n sọ ọ́ di onídàájọ́.

Ẹnìkan lè dá mi lóhùn pé okùn sàn ju ojú ọ̀gá lọ. Mo gbà. Ojú ọ̀gá mọ ẹni tí ó fẹ́ràn. Okùn kò mọ ọmọ ẹni, kò sì mọ ọ̀tá ẹni. Ibi tí a bá ti fi ojú lásán ṣe ìdájọ́, tálákà ni yóò kọ́kọ́ jìyà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ènìyàn ni ó ń fa okùn náà, ọwọ́ a sì máa fà á le tàbí kí ó dẹ̀ ẹ́. Ohun tí ó tún burú ni pé òṣùwọ̀n a máa kọ́ ènìyàn láti sin òṣùwọ̀n. Àwọn kan a máa fi eré ìdárayá mú ọrùn wọn nípọn kí ìṣirò lè gbè wọ́n (mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ). Àwọn mìíràn a máa fi ebi àti òùngbẹ pa ara wọn kí ọjọ́ ìwọ̀n tó dé. Èyí kì í ṣe ẹ̀rín mọ́: ìlànà tí ó yẹ kí ó dáàbò bo ìlera ti ń bà á jẹ́.

Ní oṣù kẹta 2023, ológun orí ilẹ̀ Amẹ́ríkà pinnu pé ẹni tí ó bá gba 540 nínú 600 nínú ìdánwò agbára ara, tí kò sì gba ohun tí ó dín sí 80 ní ìpele kankan, kò ní kọjá lábẹ́ okùn mọ́. Lójú tèmi, ìpinnu yìí ni ó bọ́gbọ́n mu jù lọ nínú gbogbo ìtàn náà, nítorí pé ó gbọ́ ẹ̀rí iṣẹ́ fúnra rẹ̀: ẹsẹ̀ tí ó sáré, apá tí ó gbé ẹrù. Ní oṣù kẹfà ọdún kan náà, wọ́n fi ọrùn àti ìbàdí sílẹ̀. Ibi ìdodo nìkan ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n nígbà náà, wọ́n sì fi ìwúwo ṣe ìṣirò pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n sì gbà nígbà náà kí ẹni tí okùn bá dá lẹ́bi bèèrè pé kí wọ́n fi ẹ̀rọ tí ó péye jù bẹ́ẹ̀ lọ yẹ òun wò, bí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bá wà ní àrọ́wọ́tó.

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Ọmọ ogun tí ibùdó rẹ̀ ní ẹ̀rọ ní ẹlẹ́rìí méjì. Èyí tí wọ́n rán lọ sí ibi jíjìnnà, tí ó sì ṣeé ṣe kí iṣẹ́ tirẹ̀ le jù, okùn nìkan ni yóò jẹ́rìí nípa rẹ̀.