Ẹni Tó Mọ̀ Tí Kò Sọ

Mo fẹ́ràn fíìmù aláwọ̀ dúdú àti funfun kan tí Ernst Lubitsch darí ní 1940, The Shop Around the Corner. Bí mo ṣe ń wò ó tó, mi ò tíì rẹ́rìn-ín rẹ̀ tán láìsí pé nǹkan kan ń gún mi nínú.

Kralik (James Stewart) àti Klara (Margaret Sullavan) jọ ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Budapest. Wọn ò fẹ́ rí ara wọn sójú rárá. Tó bá wá dalẹ́, oníkálukú wọn á máa kọ lẹ́tà sí olólùfẹ́ tí kò rí rí. Ara wọn ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, wọn ò mọ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ pàdé ní ilé kọfí, ọ̀rẹ́ Kralik yọjú lójú fèrèsé: Klara ló jókòó síbẹ̀, òun pẹ̀lú ìwé Anna Karenina àti òdòdó pupa. (Wọ́n ní pupa ni o. Nínú fíìmù dúdú àti funfun, àfi ká gbà á bẹ́ẹ̀.) Kralik wọlé, ó jókòó tì í, kò sọ pé òun ni. Klara bú u dáadáa.

Ṣé ẹni tó dákẹ́ parọ́? Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo lè fojú fò ó. Ọjọ́ náà gan-an ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú wo ló fẹ́ fi wo obìnrin tó ń bú u? Àmọ́ iṣẹ́ padà dé, ó tún gba ipò ọ̀gá, ẹnu ò ṣì là.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe. Ẹni tó lè rí inú database àti ẹni tí ò lè rí i kì í ṣe ẹgbẹ́, bó ti wù kí wọ́n jọ máa ṣàwàdà tó. Lubitsch náà mọ̀. Ó gbé kámẹ́rà sẹ́yìn àpótí lẹ́tà: ọwọ́ Klara wọlé, ó ń tá kiri, kò bá nǹkan kan. Ojú rẹ̀ wá yọ. Kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n sọ ìtàn yìí di ti íméèlì ní 1998, nínú You've Got Mail, ọkùnrin náà ló tún kọ́kọ́ mọ̀.

Ibi tí mo ti máa ń bá Kralik jà ni alẹ́ tó ṣáájú Kérésìmesì. Ó ní òun ti rí olólùfẹ́ Klara: apárí ni, ó níkùn, kò níṣẹ́. Ìyẹn kì í ṣe ìdákẹ́ mọ́. Ó fi ọmọbìnrin yẹn sínú ìbànújẹ́ fún ìṣẹ́jú mélòó kan kó tó fi òdòdó sí àyà kóòtù rẹ̀.

Klara ò pariwo. Ó ní kó jọ̀ọ́ ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, kóun rí i bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun. Kralik ká a. Klara wo ẹsẹ̀ náà dáadáa.