Ṣé Ó Gbà Ni, àbí Ìṣó Ló Dì Í Mú?

Àwa tá a ń to ojú irin kékeré fún eré, ìwọ̀n HO tó jẹ́ ìdá kan nínú 87 ti gidi, mọ ojú irin kan tó ṣeé tẹ̀. Ẹyọ kan gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 3. Ẹ tẹ̀ ẹ́, á tẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀, òmíràn á tún nà gbọnrangandan. Làwa bá kàn án níṣòó.

Ojú ò rí nǹkan kan. Àmọ́ níbi tí ẹyọ méjì ti pàdé nínú kọ́nà, kálukú ṣì ń wá bó ṣe máa nà, igun á yọ níbẹ̀. Ọkọ̀ dé ibẹ̀, ó yẹ̀ gẹ̀rẹ̀.

Àwọn tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ fi òjé lẹ ẹyọ méjèèjì pọ̀ nígbà tí wọ́n ṣì tọ́, kí wọ́n tó rọra tẹ̀ ẹ́. Ọ̀pá ti inú á yọ ju ti ìta lọ. Wọ́n á gé e.

Wọ́n ní kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni wọ́n kàn níṣòó nílé? Lójú bàbá, a tẹ̀ bí ọrun. A dé yunifásítì, a nà tán. Wọ́n ní a ti bàjẹ́. Ṣé àwa la yẹ̀ ni, àbí wọn ò lẹ̀ wá mọ́ra kí wọ́n tó tẹ̀ wá? Kò rọrùn láti dá wọn lẹ́bi o. Lálẹ́ àná, òòlù làwa náà kọ́kọ́ mú.